Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ̀-Ọ́n Lórí Yìnyín

Láàárọ̀ Sátidé tí yìnyín bá rọ̀ mọ́jú, ẹ óò rí Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ̀-Ọ́n lẹ́sẹ̀ òkè Wasatch, lẹ́bàá Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah. Kì í bá èrò wọ ọkọ̀ orí wáyà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń gùn ún, ó lẹ awọ mọ́ abẹ́ síkì, pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, kó má baà yọ̀ padà. Ẹrù tó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ àlòkù: báàgì tó ń kún fún atẹ́gùn bí yìnyín bá ya, ẹ̀rọ àyà tó ń ké sí ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ láti abẹ́ yìnyín, àti ṣọ́bìrì tí bébà iye owó ṣì lẹ̀ mọ́ nídìí. Ọdún kẹta rèé.

Kò ṣàì wo ìkìlọ̀ nípa yìnyín yíya tí Utah Avalanche Center ń gbé jáde. Ìpele ewu márùn-ún ló wà, tòní jẹ́ 3. Lójú tirẹ̀, mẹ́ta nínú márùn-ún, máàkì ẹni tó yege nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìpele kẹta gan-an ló ń pa ènìyàn jù: ìkẹrin àti ìkarùn-ún kì í wọ́pọ̀, bí wọ́n bá sì dé, ẹ̀rù á mú kálukú jókòó sílé. Nínú ìjàǹbá mẹ́wàá tó gbẹ̀mí, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé olóògbé tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹsẹ̀ já yìnyín náà. Òkè ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ tiẹ̀.

Àwọn kan á ní àìmọ̀ ló ń dà á láàmú. Rárá o. Ó gba ẹ̀kọ́. Ó lè ka fún yín pé láti ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 30 sí 45 ni òkè ti ń léwu jù. Òmùwẹ̀ níí bómi lọ. Olùwádìí kan, Ian McCammon, ti yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìjàǹbá yìnyín wò ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan kì í gbani, pàápàá níbi tó ti mọ́ wọn lára, tàbí níbi tí wọ́n ti ń du yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀. Ẹ wò ó lókè lọ́hùn-ún: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ kòtò láti yẹ yìnyín wò, ìpele ìsàlẹ̀ ń ya bọ̀ọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ṣúgà, àmì ewu nìyẹn. Mo-Mọ̀-Ọ́n ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní ibi táwọn máa ń gbà náà nìyí. Ó ti ń di bàtà, nítorí àwọn méjì kan ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn.

Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ ń gbẹ̀mí là. Ẹni bá sẹ́ ẹ, ó purọ́. Ṣùgbọ́n báàgì atẹ́gùn ò lè gbani lọ́wọ́ igi tàbí àpáta, ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ sì ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìrètí tó já. Bí ẹ bá ní ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń fi wewu, ta ni yóò wá hú u jáde? Ṣọ́bìrì ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè gba òun alára. Ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló lè gbà á. Tirẹ̀ tí bébà owó wà nídìí, ẹlẹgbẹ́ ọ̀hún ló gbójú lé e. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀, á ní ó wà nínú ìwé tó bá a wá.