Ìdọ̀bálẹ̀ Àkànní ní Peckham

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi Àkànní ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lórí ìdúró. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé ọmọkùnrin tí ó bá rí àgbà, àyà ni yóò fi lélẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde títí àgbà náà yóò fi súre fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó pàdé ọ̀gá àgbà wọn, ìyá olórí ewú kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ju àpò ìwé nù, ó sì na gbalaja sílẹ̀ bí ẹni tí ó wà níwájú Olófà, ọba ìlú wa Ọ̀fà. Ìyá náà figbe ta. Wọ́n ní wárápá ni! Olùkọ́ kan ki aṣọ òtútù bọ̀ ọ́ lábẹ́ orí, òmíràn yí i sí ẹ̀gbẹ́. Àkànní tún yí padà dojú bolẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé obìnrin ni í yíìká. Wọ́n bi í bí ó bá ń gbọ́ wọn, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Wọ́n ní ó ti ń ṣe ìrànrán.

Kí wọn tó pè mí, áńbúláǹsì ti dé. Nígbà tí mo dé, mo ní, “Àkànní, dìde, wàá dàgbà.” Ó fò dìde, ó gbọn ara nù. Ọ̀kan nínú àwọn elétò ìlera náà bi mí léèrè oògùn tí mo lò.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àkànní kó tirẹ̀ ròde, áńbúláǹsì ni ó pàdé. Mo rẹ́rìn-ín títí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ fi dé, pé kí ó jáwọ́ nínú ìdọ̀bálẹ̀ nítorí ìlera àti ààbò. Inú bí mi. Ní Ọ̀fà, ní 1976 tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, wọ́n ní kí n na ọwọ́ kọjá lórí kí n fi kan etí kejì, mo sì wọlé. Ẹni tí mo bá sì dọ̀bálẹ̀ fún lọ́nà, ìbáà ṣe ìyá eléwé ọmọ, oríkì mi ni yóò kì. Níhìn-ín, wọ́n mọ bí Àkànní ti ga tó, wọ́n mọ bí ó ti wúwo tó, ṣùgbọ́n wọn kò mọ oríkì rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi bá ń kì í lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ á bi mí bóyá màmá àgbà ń sunkún ni.

Mo ròyìn fún ìyá mi. Wọn kò bèèrè nípa áńbúláǹsì rárá. “Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó súre fún ọmọ náà?”

Ìyá Àkànní ti wá pàṣẹ pé kí ó máa tẹ orí ba níta, kí ó máa dọ̀bálẹ̀ nílé. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ń bèèrè èwo ni kí òun ṣe fún bàbá Ìjẹ̀bú tí ń wa bọ́ọ̀sì wọn.