Ọ̀túnba Agbafẹ́

Ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú-Òde ti tú gàárì, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sì ti ká aṣọ ẹgbẹ́ wọn sínú àpótí, ẹ ya Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹ sì dúró létí títì. Ẹ kò ní pẹ́ níbẹ̀ tí ẹ ó fi rí Ọ̀túnba Agbafẹ́, ọmọ Alárè, ọmọ Arójòjoyè, ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣọdún, tí ó jókòó gbẹ̀dẹ̀mukẹ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, tí ó sì ń wí fún gbogbo ẹni tí ó bi í, àti fún ọ̀pọ̀ tí kò bi í, pé òkè ni òun ń lọ wò. Ẹ má bi mí pé ọmọ ta ni. Láti Òkè-Ṣópìn títí dé Jàpárà, kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀.

Ọkọ̀ náà mọ eré í sá, ṣùgbọ́n Ọ̀túnba kì í jẹ́ kí ó sá a ní ìgboro. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àmọ́ àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ohun tí yóò jẹ ni ó ń wá, ojú èrò sì ni ẹran tí ẹkùn tiwa ń jẹ. Ní Orù, ó ń yọ́ lọ. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ sí ní 1982, díẹ̀ ló kù kí ó dúró pátápátá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ráyè wò ó. Nígbà tí ó bá wọ inú igbó tán, tí kò sí ẹni tí ń woni mọ́, ìgbà náà ni yóò tó fi eré sí i. Bí ó bá wá bá agbégilódò pàdé, tí ọkọ̀ ńlá náà ru gẹdú, tí ó ń tú èéfín dúdú lé e lórí, Ọ̀túnba a wúkọ́, a sì tún rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó fẹ́ kí ayé rí òun kò gbọdọ̀ pa òrùlé dé.

Bí ó ti kọjá Iléṣà, tí ó dé Ìwàràjà níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ti yà, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́tùn-ún lósì. Ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé, lẹ́yìn àwọn òkè wọ̀nyẹn, ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú ìbọn kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Ní Ìkògòsì tí kò jìnnà, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé, síbẹ̀ ọ̀kan kò gba ìwà èkejì. Ọ̀túnba kò yà sí ibì kankan. Ó ní èrò kò sí lọ́nà ibẹ̀.

Ìmọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní nípa òkè: pé ní ayé àtijọ́, yìnyín ńláńlá bo àríwá Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀, ó ha orí òkè wọn, ó gbẹ́ àfonífojì wọn, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Òtítọ́ ni. Iná inú ilẹ̀ ni ó yọ́ àpáta Ìdànrè, oòrùn àti òjò àìmọye ọdún ni ó sì bó o títí ó fi rí róbótó. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀túnba ti ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun ni ó dá yìnyín náà padà ní bodè.

Ní Ìdànrè ni ọ̀ràn ti yíwọ́. Orí òkè ni àwọn ará ìlú náà gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ sì wà lókè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn kí ó tó dé ibẹ̀, ọkọ̀ tí ó mọ àtẹ̀gùn í gùn kò sì tíì jáde. Ọ̀túnba gbójú sókè, ó wo òkè. Ó sọ ojú kalẹ̀, ó wo bàtà. Ó ní òun ti rí i. Níbi tí ó gbé fẹ̀yìn ti àga ni ìyá arúgbó kan ti òkè bọ̀, igi ìdáná lórí, òógùn lójú, tí ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ kú ìjókòó o, olówó.” Ẹni tí ó la ìpínlẹ̀ mẹ́rin já nìyẹn.

Àwa kò bú ìgbafẹ́. Ẹni tí ó ṣe làálàá, ó tọ́ kí ó gba atẹ́gùn òkè sára. Àgbà sì ti wí pé àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran; ti Ọ̀túnba wá burú ju ti àlejò lọ, nítorí ojú ẹlòmíràn ni ó ń wá kiri, kò sì ráyè lo tirẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé Òjòwò, àwọn ọmọ àdúgbò rọ̀gbà yí i ká: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a rí Ìdànrè.” Ó na fóònù sí wọn. Imú ọkọ̀ ni wọ́n rí, àti agbádá, àti eyín Ọ̀túnba.

“Òkè náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀,” ni Ọ̀túnba dáhùn. “Bí mo bá gbé ọkọ̀ kúrò níwájú rẹ̀, kí ni ẹ̀yin ó wá wò?”