Májèlé Ni Mo Fẹ́ Fi Ta Ìyá Jámánì Lọ́rẹ

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Erínjẹ, wọ́n fẹ́ po ògì, wọ́n wá rí bébà pélébé tí mo lẹ̀ mọ́ ṣíbí: der Löffel. Wọ́n wo ọ̀bẹ, bébà wà lára rẹ̀. Wọ́n wo fọ́ọ̀kì, bébà wà lára òun náà. Màmá kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Kí n tó ti balùwẹ̀ jáde, wòlíì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agogo.

Wòlíì ní kí n ka ohun tó wà lára ṣíbí sókè. Mo kà á. Àwọn méjèèjì sún sẹ́yìn. Mo yára ṣàlàyé pé lédè Jámánì, akọ ni ṣíbí, abo ni fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Àlàyé yẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe oògùn o. Ọkọ mi wà ní Hamburg, mo sì fẹ́ lọ bá a. Láti 2007 ni òfin Jámánì ti ní kí ọ̀pọ̀ ìyàwó tó fẹ́ lọ bá ọkọ níbẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn gbọ́ èdè náà díẹ̀. A1 ni wọ́n ń pe ìpele yẹn, jẹ́lé-ó-sinmi èdè. Nínú 100 máàkì, ẹni tó bá gba 60 ti yege.

Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ ló kó bá mi. Lákòókò yẹn, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí iná mànàmáná ti kúrò ní Okitipupa àti agbègbè wa. Ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì fóònù ni mo máa ń jókòó sí, màá máa wo olùkọ́ kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Jámánì. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, màá kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú Yorùbá sínú Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó gbé e dé Jámánì. Bí ẹni tó ń ti Erínjẹ lọ sí Okitipupa, tó wá gba Ọ̀rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ọkọ mi fi mí han ìyá onílé rẹ̀ lórí fídíò, ọ̀sán gangan ni. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé "du" wà fún ẹni tó bá súnmọ́ni, "Sie" sì wà fún àgbà tí a kò mọ̀ dunjú, bí "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Ará Ọ̀yọ́ ì bá ti mọ èyí tó máa mú. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Nínú èdè tiwa, a kì í fi "ẹ̀yin" pọ́n ẹnì kan ṣoṣo lé, bó ti wù kó dàgbà tó. (Yorùbá tí mo ń kọ síbí, ilé-ìwé ni mo ti kọ́ ọ.) Bí mo ṣe rí irun funfun, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo sì kí wọn ní "du". Ìyá kò rí ẹni tó ń kí wọn mọ́. Ògiri ilé wa ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní báwo ni. Mo fẹ́ ní ooru ń mú mi. Mo gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá, mo ní: Ich bin heiß. Ọkọ mi fọwọ́ bojú. Ohun tí mo sọ fún ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni pé ara mi ń béèrè ọkùnrin. Mir ist heiß ló yẹ kí n wí. Ooru ló ń ṣe mí, bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́.

Kí n lè tún un ṣe, mo ṣèlérí ẹ̀bùn. Gift ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀bùn, mo bá fi Gift sí i. Májèlé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Mo tún fi kún un pé ìyá ọkọ mi ló máa fọwọ́ ara wọn ṣe é. Púpurú, oúnjẹ wa, ni mo ní lọ́kàn.

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n yìn ni "r" mi. Ọ̀nà ọ̀fun ni Jámánì ti ń pè é, ó sì fẹ́ jọ "gh" tiwa, èyí tó wà nínú ọghọ́ tí ìwé ń kọ ní ọwọ́.

Mo lọ ṣèdánwò l'Ékòó. Ẹ̀rọ sọ iye owó bàtà kan: vierunddreißig. Mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo kọ 4. Mo gbọ́ ọgbọ̀n, mo fi 3 tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu, mo ní ọmọ ọdún 43 ni mí. Olùdánwò wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi. Mo gba 58.

Inú mọ́tò tí mo wọ̀ padà ni mo ti ronú kàn án. Mẹ́rin àti ọgbọ̀n ni Jámánì ń wí. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Yorùbá ń wí. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa ni! Mo ti ń fi Yorùbá ka nọ́ńbà Jámánì báyìí, kì í já mi kulẹ̀, àfi tó bá kan márùn-ún sókè, tí Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ dípò kó máa fi kún un.

Oṣù kọkànlá ni ìdánwò kejì. Oṣù kẹwàá ni mo máa pé ọmọ ọdún márùndínlógójì.