Ẹnu Mi Ni Mo Fi Gbèjà Òjé

Kì í ṣe ìbọn ni mo fi ṣe àṣìṣe mi, ẹnu ni. Lórí ọ̀rọ̀ ọta ìbọn, bóyá òjé ló yẹ kí a máa yìn tàbí irin, kò sí àwàdà tí mi ò tíì pè ní ẹ̀rí. Mo ti pinnu tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ìlú òyìnbó ni, àwọn tó ń sanwó kí wọ́n lè fi ìbọn fọ́ àwo. Èmi ọmọ Iyah-Gbede, ní ilẹ̀ Ìjùmú, níbi tí ọdẹ ti ń fi ìbọn wá ẹran ọbẹ̀, kí ló kàn mí nínú àwo? Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, mi ò kàn mọ̀ ni. Ọ̀yà inú igbó wa kò lè jẹ́rìí sí ohun tó pa á. Àwo lè jẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì tako mi: iṣẹ́ tí mo ń búra pé òjé nìkan ló lè ṣe, irin ń ṣe é. Gbogbo awíjàre mi ni mo fẹ́ tò síta báyìí, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣubú lórí ara wọn.

Àwo tí mò ń wí kì í ṣe àwo ìjẹun. Ọ̀dà àti òkúta lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó fẹ̀ ní mìlímítà 110, ó wọn gíráàmù 105, ẹ̀rọ ló sì ń jù ú sókè. Ẹyẹlé gidi ni wọ́n ń yìn tẹ́lẹ̀, kódà níbi ìdíje Olympics tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, kí àwo tó gba ipò ẹyẹlé, tí ẹyẹlé sì rí ìsinmi. Òfin ìdíje àgbáyé ni pé ọta inú kàtíríìjì kan kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 24 lọ. Níbí yìí ni mo ti kọ́kọ́ fi ara mi ṣẹ̀sín. Mo máa ń sọ ọ́, bí ẹni tó kàwé dé ibi tí ìwé parí sí, pé irin fúyẹ́, nítorí náà kò lè fọ́ nǹkan kan. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Bí òjé àti irin bá tóbi bákan náà, tí òjé wọn gíráàmù 11, irin kò ní ju bí 8 lọ, afẹ́fẹ́ sì máa ń tètè pa iná eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíráàmù 24 òjé kò wúwo ju gíráàmù 24 irin lọ, ìṣirò yìí ni ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìbá ti bá mi ṣe. Bí ọta kọ̀ọ̀kan bá ṣe fúyẹ́ tó ni iye wọn ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó fi òjé tó fẹ̀ ní mìlímítà 2.4 kún kàtíríìjì yóò rí nǹkan bí 300 ọta nínú rẹ̀. Ẹni tó fi irin tó tiẹ̀ tóbi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mìlímítà 2.5, yóò rí bí 370. Àwo kì í sì í ṣe ẹfọ̀n. Ọta méjì tàbí mẹ́ta tó bà á dáadáa ti tó. Ó di ibi tó jìnnà, bíi ogójì mítà sókè, kí òjé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwọ̀n rẹ̀ yangàn, mo sì gbà fún un níbẹ̀. Níwọ̀nba ibi tí a ti sábà ń yin àwo, àti ibi tí ọdẹ tó mọṣẹ́ ti ń yin àparò, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń pariwo lé lórí. Ilẹ̀ Netherlands ti fòfin de ọta òjé láti 1993, Denmark láti 1996, wọ́n ṣì ń fọ́ àwo, wọ́n ṣì ń pẹran. Èsì mi nígbà náà ni pé ẹran ibẹ̀ kò lágídí bíi tiwa.

Ìbéèrè tí mi ò bi ara mi rárá ni ibi tí òjé ń lọ lẹ́yìn tó bá ti fọ́ àwo, tàbí lẹ́yìn tó bá ti tàsé rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ìpele kan nínú eré náà jẹ́ àwo 25. Ẹni tó bá yin ọta ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fọ́n gíráàmù 600 òjé ká. Ènìyàn mẹ́wàá fọ́n kílò mẹ́fà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lórí pápá kan náà. Irin a dípẹtà, a sì di ilẹ̀. Òjé a wà níbẹ̀. Ẹyẹ kò sì ní eyín: òkúta wẹ́wẹ́ ló ń ṣà mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Bí awó tàbí pẹ́pẹ́yẹ bá pàdé ọta òjé, òkúta ló kà á sí. Iwe a lọ̀ ọ́, omi kíkan inú rẹ̀ a yọ́ ọ, ó di inú ẹ̀jẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó kú báyìí, àti idì tó jẹ òkú pẹ́pẹ́yẹ tí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ kú, ló mú kí Amẹ́ríkà fòfin de òjé fún ìdẹ ẹyẹ omi jákèjádò orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1991. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) tẹ̀ lé e ní àbàtà wọn lọ́dún 2023. Àwa náà kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn: Nàìjíríà wà nínú àdéhùn ìdáàbòbò àwọn ẹyẹ omi tó ń ṣí láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà, àdéhùn yẹn sì ti dá ọdún 2000 fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n sapá láti mú òjé kúrò nínú ìdẹ ibi àbàtà. Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya ti pàdé Benue, kò jìnnà sí wa. Ọdún 2000 kọjá níbẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi fèsì ni pé wàhálà ẹyẹ nìyẹn, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mò ń jẹ ẹyẹ.

Bí a bá sì pa ẹyẹ nílé wa, ta ni iwe ń kàn? Bàbá ni. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan iwe kò ní sùn láìgbọ́ ìbáwí. Ó wá jẹ́ pé ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún jù ni a ń gbé òjé fún, tí a sì ń kúnlẹ̀ gbé e. Mo ní ọgbọ́n kan fún ẹran tó kù: bí ọta bá kan eyín, kí èèyàn tu ú dànù, ó parí. Kò parí. Òjé rọ̀, ohun tí mo sì ń fi yìn ín nìyẹn, bí ẹni pé ọta tó rọ̀ ń bẹ ẹran pé kó má bínú. Rírọ̀ tó rọ̀ yìí ló ń jẹ́ kó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó bá gba egungun, wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, tí eyín kò sì mọ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí a bá fi ọtí kíkan se ẹran bẹ́ẹ̀, òjé tó ń jáde máa ń pọ̀ sí i. Ní tiwa, tòmátì ni, òun náà kan, mi ò sì rí ìdí tí yóò fi ṣe ojúsàájú fún wa. Lọ́dún 2008, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 700 wò ní North Dakota, ní Amẹ́ríkà. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò mọ ìwọ̀n òjé kankan tí a lè sọ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Ìgbà náà ni mo wá fa bàbá ńlá wa jáde. Ó jẹ ẹran tí òjé pa, ó dàgbà, ó darúgbó, ó tún ń fi eyín rẹ̀ já eegun. Awíjàre yìí dùn lẹ́nu, ìdí tó sì fi dùn ni pé àwọn tí kò dàgbà kò sí níbí láti já wa nírọ́. Ọmọ tí òjé bá sọ di olódo ní iléèwé kò ní mọ̀ pé òjé ni. Ègún ìdílé la máa pè é, tàbí ọ̀lẹ. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kú nítorí òjé, kò sì sí ìbọn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà: òkúta wúrà tí òjé kún inú rẹ̀ ni àwọn òbí wọn ń fọ́, tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé. Ẹnì kan lè ní eruku òkúta nìyẹn, kì í ṣe ọta, àti pé ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ti ọta méjì nínú ọbẹ̀ lọ fíìfíì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọdẹ wa ń ṣe? Ó ń tú bátìrì mọ́tò tó ti kú, ó ń yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná láti fi rọ ọta. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius; irin kò ní yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 1,500. Ohun tí mo ń pè ní oore òjé nìyí, pé iná àdògán tó láti yọ́ ọ. Oore yẹn gan-an ló gbé májèlé wá sí ilé ìdáná, sí ibi tí ọmọ ti ń rákò.

Irin náà ní ẹ̀sùn tirẹ̀, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà sọ gbogbo rẹ̀. Ó le, kì í fún pọ̀ bí òjé, nítorí náà ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fún jù lè bà jẹ́. Bó bá kọ lu àpáta, ó lè ta padà, ilẹ̀ Kábà àti Ìjùmú sì kún fún àpáta. Ẹni tí kò bá wọ awò kò gbọdọ̀ yìn ín níbẹ̀. Àwọn tó ń la pákó kò fẹ́ rí i nínú igi rárá. Wọ́n tún máa ń sọ pé irin jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí èmi náà sọ ọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé irin wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń rọ sínú ṣakabùlà kí òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àmọ́ irin inú kàtíríìjì tòde òní rọ̀ ju àjákù irin lọ, ó rí roboto, ó sì wà nínú ike tí kò jẹ́ kó ha inú ìbọn. Àjákù irin kò rí bẹ́ẹ̀, ṣakabùlà kò sì ní ike. Páìpù omi ni àwọn kan fi ń rọ ẹnu rẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ da irin sínú páìpù omi nítorí pé mo ka nǹkan nípa Denmark.

Ẹni tó ní ìbọn kàtíríìjì tó lágbára, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìbọn bóyá tirẹ̀ lè gba irin, kó sì yí padà. Oníṣakabùlà tí kò lè yí padà, kó gbé ìkòkò òjé kúrò nílé ìdáná, kó lọ yọ́ ọ níta níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín rẹ̀ lọ, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Kó fọwọ́, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ. Kí ó gé ẹran tó yí ojú ọta ká dànù, kó gé e fẹ̀ dáadáa, kó má ṣe ahun. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ yóò béèrè ibi tí ìdajì ẹran wọlé sí. Nínú gbogbo àtakò tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí nìkan ni mi ò tíì rí èsì fún.