Lẹ́tà Ṣíṣí sí Dáwódù Tó Fẹ́ràn Màmá Jù

Dáwódù wa,

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn yín. Láti ìgbà tí Màmá ti kúrò ní Ọ̀yọ́ wá bá yín n'Íbàdàn lẹ ti fòfin dè wọ́n: ìgbálẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ọwọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná, kí wọ́n má sì dé ẹnu géètì. Bí wọ́n bá mira báyìí pé àwọn fẹ́ dìde, igbe ta: "Ẹ jókòó, Màmá! Kí lẹ fẹ́ ká bá yín mú?" Ìyá tó ru èlùbọ́ títí tó fi rán yín níléèwé gíga! Ẹ ti sọ wọ́n di ère pálọ̀, ó ku kí ẹ máa nu eruku ara wọn.

Mo mọ̀ pé ọlá lẹ rò pé ẹ ń dá wọn. Ṣùgbọ́n àga yẹn ń jẹ iṣan itan wọn. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn àgbà tí ara wọn le koko, tí wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 10 péré. Ẹran ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ló bá ọjọ́ náà lọ. Òótọ́ ni pé Màmá ò sùn kalẹ̀, àmọ́ ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti ní kí wọ́n máa jókòó.

Itan tí kò lágbára ò lè gbéni dìde. Ẹni tí dídìde bá nira fún á máa bẹ̀rù ìṣubú. Ẹni tó ń bẹ̀rù á túbọ̀ jókòó. Ìwẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ àgbà, lẹ́yìn náà aṣọ wíwọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ta ni yóò wá máa gbé wọn? Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn yín náà ni.

Ẹ jẹ́ ká dán yín wò. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí ẹ máa dìde, kí ẹ máa jókòó, fún 30 sẹ́kọ́ǹdù. Lójú àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà, obìnrin ẹni ọdún 75 sí 79, bíi Màmá, tí kò bá lè dìde tó ìgbà 10 wà nínú ewu ìṣubú. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ikùn yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ kà dé 8?

Bí orúnkún bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì ń kọ́ wọn, ìyẹn ò ní ká pa wọ́n tì. Ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà Tony Anenih ti wà ní ilé ìwòsàn UCH láti 2012. Ṣebí Ìbàdàn kan náà ni. Ẹ gbé mọ́tò ńlá yẹn débẹ̀.

Kí n má gbàgbé: ọmọ ọ̀dọ̀ yín tú àṣírí fún mi pé bí ẹ bá ti wakọ̀ jáde tán, Màmá á jí ìgbálẹ̀ mú, wọ́n á gbá ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má bá ọmọ náà wí o. Ẹ fi kún owó oṣù rẹ̀.

Èmi ni,
Ará ẹ̀gbẹ́ ilé yín