Láàárín Àjà àti Ilẹ̀: Bí Òǹkọ̀wé Kan Ṣe Ṣòwò Bitcoin ní Ọdún 2023

Nínú òwò owó kírípítò, ọjà tí ó há sáàárín ààlà méjì ni èyí tí iye rẹ̀ ń gòkè títí dé ibi tí àwọn tí ń tà ti borí àwọn tí ń rà, tí yóò sì tún wálẹ̀ títí dé ibi tí àwọn tí ń rà ti borí, láìjẹ́ pé ó já ààlà kankan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ààlà òkè ni àròkọ yìí ń pè ní àjà, ti ìsàlẹ̀ sì ni ilẹ̀. Láti òpin oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Bitcoin ń rìn láàárín nǹkan bí 25,000 dọ́là sí 31,000 dọ́là, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Àkókò yìí ni òǹkọ̀wé àròkọ yìí kó ọgbọ́n rẹ̀ wọ ọjà, tí ọjà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkọ̀wé náà gbàgbọ́ pé ọjà tí kì í já ààlà kò léwu, nítorí náà ó rà ní 28,000, iye tí ó bójú mu lójú rẹ̀. Àárín gan-an ni ó sì burú jù láti rà, nítorí pé èrè tí ènìyàn lè retí níbẹ̀ kí iye tó forí gbá àjà kò ju 3,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àdánù tí yóò jẹ kí ó tó dá a lójú pé ilẹ̀ ti já kò dín sí 3,000, kí a má tilẹ̀ tíì ka owó iṣẹ́ tí ilé pàṣípààrọ̀ ń gbà nígbà rírà àti nígbà títà.

Ìtòsí ilẹ̀ ni ó yẹ kí a ti rà, kí a sì ti mọ àdánù kí a tó ronú èrè. Ẹni tí ó ní 1,000 dọ́là, tí kò sì fẹ́ pàdánù ju 10 dọ́là lọ, lè rà ní 26,000, kí ó sì fi stop-loss sí 24,700, èyí tí í ṣe àṣẹ pé kí ilé pàṣípààrọ̀ ta ọjà náà fúnra rẹ̀ bí iye bá já dé ibẹ̀. Àlàfo náà jẹ́ 1,300, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà 200 dọ́là péré ni kí ó fi rà. Bí iye bá sì dé 30,000, yóò jèrè nǹkan bí 30 dọ́là. Òǹkọ̀wé mọ ìṣirò yìí dáadáa, ó tilẹ̀ fi yíǹkì pupa fàlà sí i nídìí, ṣùgbọ́n 200 dọ́là dà bí ìwọ̀sí lójú rẹ̀, ó sì fi gbogbo owó rà láìfi àṣẹ kankan sílẹ̀. Nígbà tí iye Bitcoin wọ ìsàlẹ̀ 25,000 ní agbedeméjì oṣù Kẹfà, ìbẹ̀rù mú un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni ilé iṣẹ́ ìdókòwò BlackRock béèrè àṣẹ láti dá àpò ìdókòwò Bitcoin sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí iye rẹ̀ fi kọjá 30,000.

Òǹkọ̀wé wá bọ́ sídìí owó ẹ̀yáwó, níbi tí 50 dọ́là ti lè di ọjà 1,000 dọ́là. Ẹni tí ó yá ìlọ́po ogún báyìí, bí iye bá fi ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò lọ́nà, ilé pàṣípààrọ̀ yóò gba ohun tí ó fi dúró. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti 28,000 sì jẹ́ 1,400, ìrìn tí kò tó nǹkan láàárín àjà àti ilẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, Bitcoin já láti òkè 28,000 wọ ìsàlẹ̀ 26,000 láàárín wákàtí díẹ̀. Ilẹ̀ kò já. Òǹkọ̀wé ń sùn, fóònù rẹ̀ wà lórí iná, owó rẹ̀ sì ti lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó gbà pé àjà kò lè já láé, ó sì tà ní 30,000 láìní Bitcoin lọ́wọ́, pẹ̀lú èrò pé òun yóò rà á padà lówó pọ́ọ́kú. Láti ọjọ́ 23 sí 24 oṣù Kẹwàá, iye rẹ̀ kọjá 34,000. Stop-loss tí ó ti fi sí 32,000 tẹ́lẹ̀, tí ì bá rà á padà kí àdánù tó pọ̀ jù, kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí pé òǹkọ̀wé ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, ó ní ìlà pupa rẹ̀ ń ba ẹwà àwòrán ọjà jẹ́.