Bọ̀dá Stage Two

Bẹ́ ẹ bá kí Bọ̀dá Stage Two kú oríire ọkọ̀ tuntun, àforíjì ni yóò kọ́kọ́ tọrọ. Á ní kí ẹ má tíì wò ó báyìí o, òun kò tíì fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ tó ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ yìí, Toyota GR Supra ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, onísílíńdà mẹ́fà pẹ̀lú tọ́bò. Kí èèyàn tó ka ení, èjì dé àrún, ó ti kúrò lójú kan, ó ti ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí. Wọn kò tíì so nọ́ńbà mọ́ ọn nídìí tí ọ̀gá fi ti mọ gbogbo ẹni tó ń ṣe tune, iṣẹ́ fífi kún agbára ọkọ̀, láti Lẹ́kí dé Ìkẹjà. Kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn. Kò béèrè bóyá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣì dára. Kò bẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti forí sọ nǹkan rí lókè òkun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń wọ Èkó, ọjà tí wọ́n lù ní gbàǹjo lẹ́yìn jàǹbá ni. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: bí wọ́n bá kọ àṣẹ tuntun sínú brain box rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, agbára ẹṣin mélòó ni yóò dà?

Ká sọ tòótọ́, ohun tó ń wá kì í ṣe àlá. Tọ́bò, tí Alfred Büchi ará Switzerland gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní 1905, máa ń fi èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì yí fáànù kan. Fáànù yẹn a yí èkejì, èkejì a sì máa ki afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà ju iye tí ẹ́ńjìnnì ìbá dá fà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo á pọ̀, agbára á sì lé. Lóde òní, brain box ló ń pàṣẹ iye afẹ́fẹ́ tí yóò wọlé, iye epo tí yóò bá a rìn, àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń yí àṣẹ náà padà lè fi ìdá kan nínú márùn-ún kún agbára ọkọ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìfi sípánà kan bóòtù. Èyí ni wọ́n ń pè ní Stage 1. Stage 2 ni kí wọ́n tún yọ páìpù ìdí tọ́bò, kí wọ́n fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí kátálíísì tó ń fọ èéfín mọ́ sì bá a lọ. Ní Stage 3, tọ́bò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Kò sí ìjọba tó fòǹtẹ̀ lu àwọn ìpele yìí. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń sọ tirẹ̀ lórúkọ bó ṣe wù ú. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí epo ti dára, tó sì ti kọ́kọ́ náwó sí táyà àti bíréèkì, tune lè mọ́gbọ́n dání. Ẹjọ́ tí mo ń bá Bọ̀dá wa ṣe kì í ṣe pé ó fẹ́ agbára. Ẹjọ́ mi ni pé kì í ṣe agbára ló ń rà. Nọ́ńbà ló ń rà, nọ́ńbà tó ṣeé sọ lóde àríyá, ohun tó sì ń san dípò rẹ̀ ni ààbò tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi sílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Èsì rẹ̀ sí èyí ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́: ilé-iṣẹ́ ló fi agbára pamọ́. Ó sì ní ẹ̀rí. Supra ti 2020 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní agbára ẹṣin 335. Nígbà tí ti 2021 dé, ẹ́ńjìnnì B58 kan náà tí BMW ṣe ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó ti di 382. Ẹ ò rí i? Wọ́n kàn ṣí i ni! Ẹ̀rí yìí ìbá rinlẹ̀ ká ní ó ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ irin tó ń kó èéfín jáde lára sílíńdà, láti oníhò méjì sí oníhò mẹ́fà. Wọ́n tún písítọ̀nù rọ, débi pé ìwọ̀n tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wálẹ̀ láti 11 sí 10.2, kí tọ́bò lè ráyè ti afẹ́fẹ́ sí i láìba nǹkan jẹ́. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà kí wọ́n tó yí àṣẹ padà. Ẹni tó gbé ti 2020 lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ti 2021 lè rí nọ́ńbà náà gbà lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú àlàfo ààbò tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọn yóò ti bù ú fún un.

Kí wá ni àlàfo ọ̀hún wà fún? Oldsmobile Jetfire ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Ní 1962 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ tó ní tọ́bò tí ará ìlú lè rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àlàfo rárá. Kí ooru má baà fọ́ ọ, wọ́n ní kí olówó ọkọ̀ máa rọ omi tí wọ́n pò mọ́ methanol sínú táǹkì kékeré kan, kí ọkọ̀ máa fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún olówó ọkọ̀ kò jù báyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é. Bí táǹkì bá gbẹ, ọkọ̀ á dín agbára ara rẹ̀ kù, olówó rẹ̀ á sì máa bínú pé ọkọ̀ kò sáré mọ́. Nígbà tó di 1965, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń bá àwọn oníbàárà yọ tọ́bò dànù, tí wọ́n ń fi kábúrétọ̀ lásán dí ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnjiníà tó bá gbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì fún ẹni tó ń ka ìwé ìtọ́ni. Ẹni tó ń ra epo níbi tó bá ti rí i, tó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan, tó ń sún ọjọ́ ìpààrọ̀ ọ́ìlì síwájú, òun ni wọ́n ń ro. Bọ̀dá Stage Two ni wọ́n ń ro. Ohun tó ní wọ́n fi pamọ́ fún òun, nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fi pamọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni ti epo. Ara ìdérí ihò epo Supra tó ti Amẹ́ríkà wá, 91 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bọ̀dá wa ti gbọ́ pé 91 náà ni òdiwọ̀n octane, ìyẹn bí epo ṣe lè fara da ooru láìdá gbiná, fún bẹntiróòlù ní Nàìjíríà, inú rẹ̀ sì dùn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òdiwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Àyẹ̀wò oríṣi méjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pa pọ̀ kí wọ́n tó pín in sí méjì. Èyí tó ga jù nínú méjèèjì, RON, nìkan ni àwa ń kọ. 91 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95 tàbí 96 lọ́dọ̀ wa. Èyí ni pé kí ẹnikẹ́ni tó ṣe tune rárá, ọkọ̀ náà ti ń mu epo tó rẹlẹ̀ ju èyí tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, àlàfo yẹn ló sì ń gbé e rìn. Lórí èyí ni Bọ̀dá wa tún gbé àṣẹ tí wọ́n kọ fún 93 ti Amẹ́ríkà lé, tó tó nǹkan bí 98 tiwa. Bí epo bá rẹlẹ̀ tí ooru sì pọ̀, á máa dá gbiná lápá kan nínú sílíńdà kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ibẹ̀, á sì máa lu orí písítọ̀nù. Brain box tó ní làákàyè á gbọ́ ìró náà, á fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn, agbára á sì wálẹ̀. Nínú oòrùn Àjàh, tí ọkọ̀ kò ti kúrò lójú kan láti ogún ìṣẹ́jú, nọ́ńbà tí Bọ̀dá wa sanwó fún kò sí nínú ọkọ̀ rẹ̀. Orí ìwé dyno, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, nìkan ló wà. Bí oníṣẹ́ bá sì ti di brain box létí kí nọ́ńbà má baà wálẹ̀, àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyókù: ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Èyí tí mo ń sọ, epo tó dára ni o. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù wọ ilé epo wa, àwọn aláṣẹ fúnra wọn sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tó ń rà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ra ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lè mu E85, epo tó jẹ́ pé ethanol ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí kò sí ilé epo tó ń tà á. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àárín 2020, BMW ti ti brain box rẹ̀ pa, nítorí náà wọ́n lè yọ ọ́ fi ránṣẹ́ sí Finland kí wọ́n lè bá a ṣí i. Brain box á ti dé Yúróòpù nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń retí físà. Ó tún ní kí wọ́n jẹ́ kí sàléńsà máa yìnbọn. Bí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn ni pé wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí epo jó nínú páìpù dípò inú sílíńdà, nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Kò fi agbára kankan kún ọkọ̀. Owó epo tó ń jó lófo ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́ yẹn.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ ni, kí ló kàn wá? Ìbá rí bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ náà bá ń sáré nínú yàrá rẹ̀. Ìyá ọmọ tuntun tí ìbọn sàléńsà jí ní aago méjì òru kò dá owó tune. Òfin ìrìnnà wa fi 100 kìlómítà ní wákàtí ṣe òpin eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti 50 láàárín ìlú. Supra bó ti wà tẹ́lẹ̀ lè sá 250. Agbára tó ń fi kún un kò ní ojú ọ̀nà tí yóò ti lò ó láìfi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́, pàápàá lórí táyà tòkunbọ̀ tí kò ronú àtipààrọ̀.

Àtakò kan wà tó nípọn ju ìyẹn lọ, pé àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wà ní Èkó, tí wọ́n lè kọ àṣẹ tó bá epo àti ooru wa mu. Wọ́n wà, mo gbà. Irú wọn á béèrè ilé epo tí ẹ ń lò, á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, á wà á jáde lọ́sàn-án, á ka ohun tí ẹ́ńjìnnì wí, á sì sọ pé ìba díẹ̀ ni òun lè fi kún un. Bọ̀dá Stage Two ti dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní kò mọṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní, "Ọ̀gá, mélòó lẹ fẹ́?" ló gbé ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, ìtàn á yí padà. Á ní àgbàlagbà kan ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ má gba tẹnu rẹ̀ gbọ́. Ẹ mú ẹni tó ní skánà tó pójú owó lọ, kó ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú brain box, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a máa pa àkọsílẹ̀ yẹn mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ dá àṣẹ ilé-iṣẹ́ padà. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá kátálíísì ṣì wà. Ẹ wo àwọn bóòtù ìdí tọ́bò bóyá sípánà ti há wọn lójú. Bí kò bá jẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ má san kọ́bọ̀ sílẹ̀.